Ìjọba Bolsonaro ní Brasil: àwọn tó ń jà níbẹ̀ ń ké sí wa, kí la fẹ́ ṣe?

Àdùkẹ́_Bàhíà
26 Ṣẹ́rẹ́ 2019

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti Salvador ní ìpínlẹ̀ Bàhíà ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Èdè Yorùbá ni mò ń kọ́ àwọn àgbàlagbà níbí ní alaalẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ dé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yìí ló ní kí n bá àwọn ké sí yín.

Ọjọ́ kìíní oṣù yìí ni Jair Bolsonaro gorí àlééfà. Oṣù kan ò tíì pé, ẹ wo ohun tó ti ṣe. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an ló gba iṣẹ́ pípa ààlà ilẹ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ lọ́wọ́ Funai, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó wọn, ó gbé e lé iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn lọ́wọ́, níbi tí àwọn tó ń sin màlúù tí wọ́n sì ń gbin sóyà ti lẹ́nu jù lọ. Ó fagi lé iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ 15, ó buwọ́ lùwé kí ìbọn lè rọrùn láti rà. Lọ́jọ́bọ̀ ìjẹta, Jean Wyllys, aṣòfin ẹgbẹ́ PSOL tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn nígbà kẹta, kéde láti òkè òkun pé òun ò padà wálé mọ́, torí àwọn tó ń lérí àtipa òun pọ̀ jù. Ọmọ Bàhíà níbí ni, Alagoinhas ni wọ́n bí i sí.

Wọn kì í fi ikú dẹ́rù bani lásán. Marielle Franco, obìnrin dúdú tó wà nínú ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú Rio, ni wọ́n yìnbọn pa nínú mọ́tò pẹ̀lú awakọ̀ rẹ̀, Anderson Gomes, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún tó kọjá. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, wọn ò tíì mú ẹnì kankan. Níbí ní Salvador, ilẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n dìbò àkọ́kọ́ ní oṣù Kẹwàá ò tíì mọ́ tí wọ́n fi gún Moa do Katendê lọ́bẹ nígbà méjìlá ní ilé ọtí, torí ó sọ pé ẹgbẹ́ òṣèlú PT, alátakò Bolsonaro, lòun dìbò fún. Ẹni ọdún 63 ni, àgbà oní-capoeira, ìjà oníjó àwọn dúdú Brasil, ọ̀kan nínú àwọn tó dá Badauê sílẹ̀, ẹgbẹ́ onílù tí wọ́n ń pè ní afọ̀ṣẹ́ níbí.

Obìnrin kan wà nínú kíláàsì mi tó ń ta àkàrà ní àdúgbò Rio Vermelho. Ọmọ Ọya ni. Láti oṣù Kẹwàá, kó tó wọ bọ́ọ̀sì á kọ́kọ́ ti ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ bọ inú bùláwùsì, á sì fi ìborùn bò ó mọ́lẹ̀, torí ọkùnrin kan ti fa ọ̀kan já lọ́rùn rẹ̀ nínú èrò, tó ní ayé yín ti tán. Òun ló kọ́kọ́ bi mí pé, "Ṣé àwọn èèyàn wa ní Nàìjíríà mọ̀?"

Ohun tí wọ́n ń fẹ́ kò pọ̀. Wọ́n fẹ́ kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn òǹkọ̀wé wa kọ lẹ́tà tí wọ́n lè kà sókè ní ìpàdé, tí wọ́n lè fi han ìwé ìròyìn. Wọ́n tún fẹ́ kí aṣojú Brasil ní Abùjá àti ọ́fíìsì wọn ní Èkó mọ̀ pé ojú wa wà lára wọn.

Tíṣà_Ìbàdàn
26 Ṣẹ́rẹ́ 2019

Àdùkẹ́, o kú akitiyan. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ̀ dáadáa kí n tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Àwọn wo gan-an ni "àwọn tó ń jà" yìí? Bó bá jẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú tó fìdí rẹmi ló ń wá ẹni tí yóò bá òun dárò ìbò, ọkàn mi ò ní sí níbẹ̀.

Àdùkẹ́_Bàhíà
26 Ṣẹ́rẹ́ 2019

Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ kan ṣoṣo rárá. PT wà níbẹ̀, ẹgbẹ́ Lula, ààrẹ Brasil nígbà kan, àti ti Fernando Haddad tó bá Bolsonaro dupò. PSOL kéré sí i, ẹgbẹ́ ti Marielle nìyẹn. CUT ni àpapọ̀ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, bíi NLC tiwa. MST ni àwọn àgbẹ̀ tí kò nílẹ̀: láti 1984 ni wọ́n ti ń kó wọ oko ńlá tí olówó kan gbà sílẹ̀ tí kò dá, wọ́n á pàgọ́ síbẹ̀, wọ́n á máa gbin ẹ̀wà àti ẹ̀gẹ́. Bolsonaro ti ní agbésùnmọ̀mí lòun máa kà wọ́n sí. MTST ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà nínú ìlú fún àwọn tí kò rílé gbé. Ẹgbẹ́ àwọn dúdú, Movimento Negro Unificado, ti wà láti 1978, nígbà tí sójà ṣì ń ṣèjọba. Lẹ́yìn náà ni àwọn obìnrin tó tú jáde lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án tó kọjá tí wọ́n ń pariwo pé "Kì í ṣe òun", tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan.

Wọ́n máa ń bá ara wọn jà gan-an. Àwọn PSOL ní PT ti bá olówó ṣe pọ̀ jù nígbà tí wọ́n wà níbi àṣẹ. Ṣùgbọ́n ní báyìí, inú yàrá ìpàdé kan náà ni mò ń bá gbogbo wọn.

Olóyè_Ṣàgámù
27 Ṣẹ́rẹ́ 2019

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó wà lọ́kàn àwọn tó dákẹ́. Wọ́n dìbò fún ọkùnrin yìí ni, kò fi ìbọn gbàjọba. Lula tí ẹ̀ ń dárúkọ wà lẹ́wọ̀n nítorí ìwà ìbàjẹ́. Lọ́dún 2017 nìkan, ó lé ní 60,000 ènìyàn tí wọ́n pa ní Brasil. Bí ẹnì kan bá ní òun á kápá àwọn ọ̀daràn, ṣé ẹ̀bi àwọn tó fún un níbò ni? Yàtọ̀ sí ìyẹn, oṣù tó ń bọ̀ ni ìdìbò tiwa níbí. Àwọn olùkọ́ yunifásítì wa ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù Kọkànlá, àwọn ọmọ wa wà nílé. Ilé ẹni kì í jó kéèyàn máa lépa eku.

Àdùkẹ́_Bàhíà
27 Ṣẹ́rẹ́ 2019

Olóyè, mo júbà o. Òótọ́ ni pé wọ́n dìbò yàn án: 55.13 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní, Haddad ní 44.87. Níbí ní Bàhíà, Haddad gba ju 70 lọ nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi tìyẹn sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn olùdìbò, Lula ló ń ṣíwájú. Wọ́n tì í mọ́lé ní Curitiba ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin 2018, wọn ò sì jẹ́ kó dupò. Adájọ́ tó kọ́kọ́ dá a lẹ́bi ni Sergio Moro. Sergio Moro yìí kan náà ni Bolsonaro sọ di mínísítà ètò ìdájọ́. Ẹni tó yọ alátakò kúrò lójú ọ̀nà wá di ọmọ ilé ẹni tó tibẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ ní Abùjá, ṣé ẹ máa gbà?

Ní ti àwọn tí wọ́n ń pa, nínú mẹ́rin, mẹ́ta ló jẹ́ dúdú, ọ̀dọ́ ló sì pọ̀ jù. Gómìnà tuntun ti Rio, Wilson Witzel, ti sọ gbangba pé orí ni kí ọlọ́pàá máa fojú sùn. Àwọn tó ń gbé àdúgbò tí ọta ń gbà kọjá ló yẹ ká bi bóyá ìyẹn ló máa tán ìpànìyàn.

Bàbá_Ìgbóbì
27 Ṣẹ́rẹ́ 2019

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ní 1995, mo wà lára àwọn tó gba ọ̀nà NADECO kọjá sí Kútọnu. Ẹ̀yin èwe lè má mọ̀ ọ́n: ọ̀nà inú igbó ni, ọ̀kadà á gbé ọ lóru, wàá mú bàtà lọ́wọ́, wàá sì la omi kọjá. Ohun tí Àdùkẹ́ ń béèrè fún àwọn ará Bàhíà ni àwa náà béèrè lọ́wọ́ aráyé nígbà Abacha. Wọ́n sì dá wa lóhùn. TransAfrica, ẹgbẹ́ àwọn dúdú Amẹ́ríkà tí Randall Robinson ń darí, gbé ọ̀rọ̀ wa sí ojú pópó ní Washington. Òwò wa kọ́ ni wọ́n ń ṣe, wọn ò sì jẹ wá ní gbèsè.

Olóyè, ẹ má bínú, bí ilé bá ń jó, aládùúgbò tó sáré wá, ilé tirẹ̀ náà lè ní àléébù. Ọdún tí wọ́n ràn wá lọ́wọ́ yẹn, àwọn dúdú Amẹ́ríkà ò tíì bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá tiwọn.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ ibi tí agbára lẹ́tà mọ. Nígbà tí rédíò òkèèrè bá dárúkọ ẹni tó wà ní àhámọ́, àwọn tó tì í mọ́lé á tún èrò wọn pa, mo mọ ẹni tó tìtorí bẹ́ẹ̀ rí dókítà. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló mọ orúkọ Ken Saro-Wiwa, wọ́n so ó kọ́ pẹ̀lú àwọn mẹ́jọ yòókù ní ọjọ́ 10 oṣù Kọkànlá 1995. Commonwealth dá Nàìjíríà dúró, ariwo sọ. Wọn ò yé ra epo. Níbi tí owó ti ń wọlé ni ìjọba ti ń gbọ́ràn. Ẹ béèrè ẹni tó ń ra màlúù àti sóyà Brasil.

Ẹ má fojú kékeré wo orúkọ náà o. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 1996 ni wọ́n pa Kudirat Abiola ní Èkó. Nígbà tó di 1998, ìlú New York fi orúkọ rẹ̀ sọ igun òpópónà tó wà níwájú ilé Nàìjíríà gan-an. Gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba Abacha tó bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní láti gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó dùn wọ́n débi pé wọ́n fi Louis Farrakhan, olórí Mùsùlùmí dúdú kan ní Amẹ́ríkà, sọ òpópónà tí iléeṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà wà ní Èkó, láti fi gbẹ̀san. Ẹni tí orúkọ ò bá dùn kò ní ṣe wàhálà tó tó yẹn.

Alfa_Ìlọrin
27 Ṣẹ́rẹ́ 2019

As-salaamu alaykum. Bàbá, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa.

Mo fẹ́ fi kún un kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ oníṣẹ̀ṣe nìkan ni. Òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù Kìíní 1835, inú oṣù Ramadan, ni àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìde ní Salvador yẹn. Málè ni wọ́n ń pè wọ́n, ọmọ Yorùbá ló pọ̀ jù nínú wọn. Ìwé tí wọ́n fi lárúbáwá kọ wà lọ́rùn àwọn míràn tí wọ́n pa. Wọ́n yìnbọn pa lára àwọn tí wọ́n mú, wọ́n na òmíràn, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ padà sí etíkun tiwa níbí. Nínú àwọn Àgùdà, ìran àwọn tó padà láti Brasil, tó wà ní Èkó, Ajúdà àti Àgúè, àwọn kan wá láti inú ìdílé tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìjẹta ló pé ọdún 184. Ẹ fi orúkọ mi sí lẹ́tà náà.

Ìyá_Ìkòròdú
28 Ṣẹ́rẹ́ 2019

Ẹ máa rọra o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọmọ ìjọ Ọlọ́run ni mí. Mo gbọ́ pé àwọn onígbàgbọ́ ló pọ̀ lẹ́yìn Bolsonaro, torí pé ó ní òun á dáàbò bo ẹbí. Ṣé gbogbo wa ni ẹ máa kà mọ́ àwọn tó ń fa ìlẹ̀kẹ̀ já?

Àdùkẹ́_Bàhíà
28 Ṣẹ́rẹ́ 2019

Màmá, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Rárá o. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tì í lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn tó ń sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù jù ni Henrique Vieira, pásítọ̀ onítẹ̀bọmi ní agbègbè Rio, ọ̀rẹ́ Marielle. Bíbélì ló ń fi bá wọn jà. Nínú kíláàsì mi náà, bàbá kan wà tó jẹ́ díákónì, òun ló máa ń sin oníàkàrà yẹn dé ibùdókọ̀ nígbà tílẹ̀ bá ti ṣú. Bí ẹ bá lè rí pásítọ̀ kan tó lè fọwọ́ sí lẹ́tà wa, ó máa wúlò ju ti gbogbo wa lọ, torí àwọn onígbàgbọ́ ibẹ̀ ló yẹ kó gbọ́ ọ.

Arẹwà_Peckham
29 Ṣẹ́rẹ́ 2019

Mo kí gbogbo ilé. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà. Nígbà tí àwọn obìnrin jáde ní Brasil lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, wọ́n jáde níbí náà, bẹ́ẹ̀ ni ní Lisbon àti Paris. Ilé aṣojú Brasil wà ní Cockspur Street, ẹsẹ̀ kan sí Trafalgar Square. Ní ìgbà òtútù, àwọn tó ń dúró síbẹ̀ kì í pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń kọjá tí kì í bi wá pé kí ló dé.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni ọ̀rọ̀ pátákó. Àwọn kan gbé pátákó orúkọ òpópónà tí wọ́n kọ "Rua Marielle Franco" sí kọ́ ní Cinelândia, níwájú ilé ìgbìmọ̀ tó ti ń ṣòfin. Nígbà tí ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀, ọkùnrin méjì tó ń dupò lábẹ́ ẹgbẹ́ Bolsonaro fà á já, wọ́n ṣẹ́ ẹ sí méjì, wọ́n wá gbé e sókè lórí pèpéle ìpolongo, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àwọn méjèèjì wọlé ìbò. Àwọn ará ìlú dáwó. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá, wọ́n pín ẹgbẹ̀rún kan pátákó náà ní ibi kan náà tí wọ́n ti fa ọ̀kan já. Bó ṣe rí gan-an ni: aláwọ̀ aró ni, orúkọ rẹ̀ fẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ iṣẹ́ rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n pa á sí. Ọ̀rẹ́ mi ọmọ Rio fi ọ̀kan kọ́ sí kíṣìnì rẹ̀ ní Brixton, òkè síìnkì. Ó ní òun ò lè ṣe kí òun má rí i bí òun bá ń fọ abọ́.

Tíṣà_Ìbàdàn
2 Èrèlè 2019

Ó tó mi. Mo ti kọ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

"Àwa òṣìṣẹ́, olùkọ́, oníṣòwò àti akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ Yorùbá, onígbàgbọ́, Mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe, ti gbọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí yín. A mọ orúkọ Marielle Franco. A mọ orúkọ Moa do Katendê. A ń béèrè lọ́wọ́ ìjọba Brasil ẹni tó pa Marielle, a ò sì ní yé béèrè. Bí wọ́n bá fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni nínú yín, ẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa."

Bàbá_Ìgbóbì
2 Èrèlè 2019

Ó dára. Yọ gbogbo "ẹ jọ̀ọ́" tó bá wà nínú èyí tó kù. Ìjọba ni ẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀.

Àdùkẹ́_Bàhíà
30 Ẹrẹ́nà 2019

Ẹ dárí jì mí, ó pẹ́. Oṣù yìí kún. Ọjọ́ 12 ni wọ́n mú àwọn méjì tí wọ́n ní àwọn ló pa Marielle, Ronnie Lessa àti Élcio de Queiroz, ọlọ́pàá àtijọ́ ni àwọn méjèèjì. Wọn ò tíì sọ ẹni tó rán wọn. Ìbéèrè tó wà lára gbogbo ògiri níbí báyìí nìyẹn: ta ló ní kí wọ́n pa á?

Lọ́jọ́ 28, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́, gbogbo adájọ́ fẹnu kò, pé ẹbọ ẹran nínú ẹ̀sìn àwọn dúdú kò ta ko òfin. Àwọn ìyálóòrìṣà jó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ṣùgbọ́n ààrẹ ti pàṣẹ pé kí àwọn sójà ṣe ayẹyẹ ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, ọjọ́ tí wọ́n gbàjọba ní 1964. Ọdún 21 ni wọ́n lò lórí oyè. Nínú kíláàsì mi, ẹnì kan wà tí wọ́n mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ nígbà náà tí wọn ò rí i mọ́. Kò wá sí ẹ̀kọ́ lọ́sẹ̀ yìí.

A ti ka lẹ́tà yín. Mo ń kà á ní Yorùbá, díákónì ń kà á ní èdè Potogí tẹ̀lé mi. Nígbà tí a dé "ẹ fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa", oníàkàrà ní kí a tún un kà.

Akin_Brooklyn
17 Èbìbí 2019

Bàbá, ohun tí ẹ sọ nípa owó ti ṣẹlẹ̀ lójú mi. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò Brasil àti Amẹ́ríkà fẹ́ fún Bolsonaro ní oyè ẹni tó ta yọ jù lọ́dún yìí, níbi àsè ńlá kan ní New York. Wọ́n ti háyà gbọ̀ngàn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń kó ẹranko àti ewéko ayé jọ. Ẹni tó ń ṣí igbó Amazon sílẹ̀ fún àwọn tó ń gé e! Àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kọ́kọ́ yarí, àwa ará ìlú ń kọ̀wé, àwọn ọmọ Brasil ń kó ara jọ, olórí ìlú náà sọ̀rọ̀. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yọwọ́. Wọ́n lọ sí ibòmíràn, àwọn yẹn náà kọ̀. Àwọn iléeṣẹ́ bíi Delta, Bain àti ìwé ìròyìn Financial Times kó owó wọn kúrò nínú àsè náà. Ní ọjọ́ 3 oṣù yìí ni Bolsonaro fagi lé ìrìn àjò náà. Dallas ló padà lọ.

Àdùkẹ́_Bàhíà
17 Èbìbí 2019

Akin, Dallas tí o dárúkọ yẹn, ibẹ̀ ló wà lọ́jọ́rú tó fi ń pe àwọn ọmọ wa ní òmùgọ̀ tí àwọn kan ń lò. Ìparí oṣù tó kọjá ni mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Abraham Weintraub, ní òun máa gé owó yunifásítì mẹ́ta torí pé rúkèrúdò ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Yunifásítì Bàhíà tiwa níbí wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ló ní gbogbo yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ló kàn, 30 nínú ọgọ́rùn-ún owó iná, omi àti irú rẹ̀. Lọ́jọ́ 15, ìlú tó lé ní 200 ló jáde. Ní Campo Grande níbí, mi ò rí ibi tí èrò parí sí. Àwọn dókítà onímọ̀ kòkòrò gbé tábìlì síta, wọ́n ń fi ẹ̀rọ awò han àwọn ọmọdé bí ẹ̀fọn tó ń gbé Zika ṣe rí, kí ìyá wọn lè mọ ohun tí wọ́n fẹ́ gé owó rẹ̀.

Olóyè_Ṣàgámù
18 Èbìbí 2019

Mo ṣì wà lórí ọ̀rọ̀ mi nípa Lula. Ṣùgbọ́n ọmọ mi pàdánù oṣù mẹ́ta nígbà ìdaṣẹ́sílẹ̀ tó parí ní oṣù Kejì, mo mọ ohun tí gígé owó yunifásítì jẹ́. Ní ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí, ẹ kọ orúkọ mi. Mo tún máa bá àwọn olùkọ́ kan tí mo mọ̀ sọ ọ́, kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wọn kọ tiwọn lọ́tọ̀.

Arẹwà_Peckham
23 Ògún 2019

Igbó ń jó. Lọ́jọ́ Ajé, ọ̀sán gangan, ojú ọ̀run ṣú ní São Paulo bí ẹni pé alẹ́ ti lẹ́. Níbí, àwọn tí kò tíì dá wa lóhùn rí ló kún iwájú ilé aṣojú lónìí, ọmọdé pọ̀ nínú wọn.

Bàbá_Ìgbóbì
24 Ògún 2019

Ṣé ẹ rí i pé Norway ti dá owó tó ń san fún àbò igbó náà dúró? Jámánì náà dá tirẹ̀ dúró. Ẹ wá wo bí ara ṣe ń ta ààrẹ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: kí ó má lọ jẹ́ pé igi ni aráyé ń sunkún fún, tí wọ́n gbàgbé àwọn tó ń gbé lábẹ́ rẹ̀.

Àdùkẹ́_Bàhíà
30 Bélú 2019

Bàbá, ọ̀rọ̀ yín yẹn ni àwọn ọmọ ìbílẹ̀ fi ẹsẹ̀ wọn gbé kiri. Sonia Guajajara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí orílẹ̀-èdè méjìlá ní Yúróòpù láti oṣù Kẹwàá. Wọ́n wọ ilé aṣòfin, wọ́n wọ ọ́fíìsì àwọn tó ń ta ẹran àti sóyà, wọ́n ń bi wọ́n pé ilẹ̀ ta ni oúnjẹ yìí ti wá. Ibi tí wọ́n wà nìyẹn ní ọjọ́ kìíní oṣù yìí, nígbà tí àwọn tó ń jí igi gé yìnbọn pa Paulo Paulino Guajajara, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ igbó Arariboia ní Maranhão. Ọmọ ọdún 26 ni. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti ààlà ilẹ̀ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ilé aṣòfin ti gbé e padà fún Funai. Ààrẹ tún fẹ́ gbà á, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní rárá. Ní Paris, wọ́n ti ṣí ọgbà kan tí wọ́n fi orúkọ Marielle pè lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gare de l'Est. Lula jáde lọ́jọ́ 8 lẹ́yìn ọjọ́ 580, Olóyè, mo mọ̀ pé a ò tíì parí tìyẹn.

Èyí tó gbé mi wá lónìí ni Palmares. Láti 1988 ni iléeṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ Fundação Palmares ti wà fún àṣà àti ẹ̀tọ́ àwọn dúdú. Lọ́jọ́rú yìí, wọ́n fi Sérgio Camargo ṣe olórí rẹ̀. Dúdú ni, ṣùgbọ́n ó ti kọ ọ́ sórí Facebook pé oko ẹrú ṣe àwọn ọmọ ọmọ ẹrú láǹfààní, ó sì fẹ́ kí wọ́n fagi lé ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá tí wọ́n fi ń rántí Zumbi, olórí àwọn ẹrú tó sá lọ tẹ̀ dó sí Palmares láyé àtijọ́. Àwọn agbẹjọ́rò ti ń lọ sí kóòtù. Wọ́n ní lẹ́tà láti ilẹ̀ Yorùbá máa wúlò gan-an lórí èyí, kó sì dé kí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tó parí.

Tíṣà_Ìbàdàn
30 Bélú 2019

Mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Alfa, ẹ fi ọ̀rọ̀ 1835 yẹn ránṣẹ́ sí mi ní ìpínrọ̀ kan. Màmá Ìkòròdú, ṣé pásítọ̀ yín ti fọwọ́ sí i?

Ìyá_Ìkòròdú
1 Ọ̀pẹ 2019

Pásítọ̀ mi kọ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló fọwọ́ sí i, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ìyá ìjọ méje. Mo ti ya àwòrán ìwé náà, ibo ni kí n fi ránṣẹ́ sí?